Ilé Onígi Ọdún 1677 àti Ilé Kọnkéré Ọdún 1965: Èwo Ló Mọ Ìṣirò Jù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ojú ìwé ìṣòwò ti ọ̀tẹ̀ yìí, ilé gan-an ni mo fẹ́ kí á jọ wò. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ayàwòrán ilé. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tèmi, mo sì ti rí i pé púpọ̀ nínú owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wa ní ìlú yìí, láti ara ilé ló ti ń jò lọ.

Ilé méjì ni. Àwọn méjèèjì wà ní agbègbè Southwark tiwa níhìn-ín, ìrìn ẹsẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú ló sì wà láàrin wọn. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun ọ̀kan, ọdún 1677 ni wọ́n kọ́ ọ. Kọnkéré ni èkejì, ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Bí wọ́n bá bi wá léèrè èwo ni yóò pẹ́ jù láyé, gbogbo wa la ó nawọ́ sí kọnkéré. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ilé onígi ṣì ń ta oúnjẹ àti ọtí, ó sì ń pawó. Ilé kọnkéré ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2020, nígbà tó sì di 2021, wọ́n ti ń wó o lulẹ̀.

Ilé kejì yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ìtajà Elephant and Castle ni, èyí tí ère erin tó gbé ilé ìṣọ́ sẹ́yìn wà níwájú rẹ̀. Ta ni kò ra nǹkan níbẹ̀ rí? Inú rẹ̀ ni àwọn kan ti ń ta bíńgò, tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí pákó, tí àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwa ará Áfíríkà ti ń tajà nínú rẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀. Ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta ló lò láyé. Àwa oníṣirò owó sábà máa ń pín iye owó ilé sí àádọ́ta ọdún nínú ìwé, pé lẹ́yìn ìyẹn, ilé náà ti jẹ iye rẹ̀ tán. Ilé kọnkéré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwé mu géérégé. Ilé onígi ti kọjá ibi tí ìwé wa parí sí láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò, nítorí ó kan àpò wa.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ ILÉ ONÍGI

Láti Elephant and Castle, ẹ gba Newington Causeway, ẹ bọ́ sí Borough High Street, kí ẹ máa lọ tààrà bí ẹni ń lọ sí London Bridge. Bí ẹ bá ti kọjá ibùdókọ̀ ojú irin Borough, ẹ máa wo ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà kan tó wọ inú àgbàlá. Ibẹ̀ ni The George Inn wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ibùdó méjì péré ni.

Ilé èrò ni The George láti ìbẹ̀rẹ̀. Máàpù Southwark ti ọdún 1542 ti fi í hàn. Ní 1676, iná ńlá kan sọ ní Southwark, ó jó ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, kò sì dá The George sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún un kọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tí wọ́n kọ́ nígbà náà ni a ṣì ń wò lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan péré ló kù. Òun nìkan sì ni ilé èrò tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè nínú irú rẹ̀ tó kù ní gbogbo London.

Kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni igi, bíríkì náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ ni ó yẹ kí á kíyè sí. Nínú ilé onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri kọ́ ló ń gbé ilé dúró. Òpó àti ìtì igi ni. Igi óákù ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á gé e nígbà tí ó ṣì tutù, nítorí pé bí ó bá ti gbẹ tán, ó le bí irin. Inú àgbàlá gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ti ń gé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí ara ọ̀kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí orí èkejì, wọ́n á ti ahọ́n bọ inú ihò, wọ́n á wá fi èèkàn igi gún un kọjá. Wọ́n á kọ àmì sí ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa pòórá nígbà tí wọ́n bá kó o lọ sí ojú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e dúró sí. Bí igi náà ti ń gbẹ sí i, ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ èèkàn.

Lẹ́yìn tí egungun bá ti dúró ni wọ́n tó dí àlàfo. Àwọn kan á fi bíríkì dí i. Àwọn mìíràn á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni hun agbọ̀n, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ilé alámọ̀ rí nílé kò ní pe èyí ní ìtàn ìyanu. Èrè tó wà nínú irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ tí a kò lè yọ. Bí ògiri bá là, ẹ yọ ògiri, ilé kò ní wó. Bí ìdí òpó bá jẹrà, gbẹ́nàgbẹ́nà á gé ibi tó jẹrà kúrò, á so igi tuntun mọ́ ọn, òpó náà á tún máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Àtúnṣe kéékèèké, owó kéékèèké, lọ́dọọdún. Ọ̀nà tí ilé fi ń pẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá gbójú sókè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi gùn lọ ní ara ilé náà lókè, ilẹ̀kùn yàrá sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé yóò mọ ohun tí mò ń wí lójú ẹsẹ̀: yàrá ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé. Òyìnbó àti Yorùbá kò jọ jókòó pèrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó ènìyàn púpọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, kí ojú rẹ̀ sì tó gbogbo wọn, irú ilé yìí náà ni yóò kọ́.

ILÉ TÓ MỌ OWÓ

Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé ìṣòwò ni, ìṣòwò ló sì yà á bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1750 tí wọ́n ṣí Westminster Bridge, London Bridge nìkan ni afárá tó wà láàrin ìlú náà. Púpọ̀ nínú ẹrù àti èrò tó ń bọ̀ láti Kent, láti Sussex àti láti etí òkun, Borough High Street ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ilé èrò fi tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ilẹ̀ ojú títì wọ́n, nítorí náà ilé kò fẹ̀ lójú ọ̀nà. Inú ni ó gùn wọ̀, àgbàlá ni ó fi ń mí.

Ẹ jẹ́ kí á ka ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé sínú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó yàrá lókè. Wọ́n ń sanwó oúnjẹ àti ọtí nísàlẹ̀. Ẹṣin ń sùn ní ibùjẹ ẹran lẹ́yìn, olówó ẹṣin ń sanwó koríko. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò ń gbéra láti ibẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rù ń sanwó ibi ìkẹ́rù sí. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú àwọn àgbàlá irú èyí, kí wọ́n tó máa kọ́ ilé eré, àwọn òṣèré a máa ṣeré nísàlẹ̀, olówó á wà lókè lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wòran, òun náà á sanwó.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí wọ́n ṣí ibùdó London Bridge ní 1836, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn ilé èrò tó lókìkí ju The George lọ kú pẹ̀lú rẹ̀. Tabard, èyí tí Chaucer fi ṣe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò rẹ̀ ti gbéra, wọ́n wó o ní 1873. White Hart, èyí tí Dickens kọ sínú ìwé rẹ̀, wọ́n wó o ní 1889. Òkìkí kò gbà wọ́n là. The George rí iṣẹ́ mìíràn ṣe: ilé-iṣẹ́ ojú irin Great Northern sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà wó apá méjì nínú rẹ̀ ní 1889 láti fi kọ́ ilé ẹrù, apá gúúsù nìkan ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n apá tó kù kò fìgbà kan di ahoro. Ilé tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwó ló ń dúró dè.

Ní 1937, ilé-iṣẹ́ ojú irin tó jogún rẹ̀ fi í fún National Trust. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. National Trust kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe olówó kan. Ẹgbẹ́ ni. Ọdún 1895 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó lọ́dọọdún, òfin ọdún 1907 sì fún ẹgbẹ́ náà lágbára láti kéde pé ohun ìní tirẹ̀ kan kò ṣeé tà láéláé. Ẹgbẹ́ náà ló ni The George, ó sì fi í háyà fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọtí àti oúnjẹ. Owó háyà ń wọlé. Ẹgbẹ́ kì í kú bí ènìyàn ṣe ń kú. Ọmọ kò sì lè jí lọ́jọ́ kan kí ó ní òun fẹ́ ta ìpín tòun.

ÌDÍ TÍ KỌNKÉRÉ FI LỌ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Elephant. Kọnkéré kò jẹrà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣòwò nínú ilé náà kọ́ ló ni ín. Ilẹ̀ náà ti níye lórí ju ilé tó wà lórí rẹ̀ lọ. Onílé wò ó pé ilé gogoro tuntun yóò pawó jù, ìgbìmọ̀ Southwark sì fọwọ́ sí i ní 2018. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọn kò jàre. Àwọn oníṣòwò kan rí ibòmíràn gbà nítòsí. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn sílé títí di òní. Oníbàárà tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ kì í tẹ̀ lé e lọ sí òpópónà mìíràn lọ́jọ́ kan.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òfin wà tó lè ran ayálégbé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kì í mọ̀ ọ́n àfi lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́. Òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1954 sọ pé ẹni tó bá ní lísì láti fi ṣòwò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún lísì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá parí. Onílé kò kàn lè lé e. Bí ó bá fẹ́ wó ilé náà láti tún un kọ́, ó lè kọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìwé ìfilọ̀ tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, ó sì gbọ́dọ̀ san owó ìtánràn. Iye tí ìjọba fi ń ṣírò owó orí ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n fi ń wọn owó ọ̀hún. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Òfin kan náà gbà kí ayálégbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò yìí. Onílé á fi ìwé kan kún lísì, á ní kí o fọwọ́ sí i. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, o ti fi ẹ̀tọ́ rẹ tọrẹ. Bákan náà ni ẹni tó gba láísẹ́ǹsì lásán, irú èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní ìsọ̀ kékeré nínú ilé ìtajà, kò sí lábẹ́ òfin náà rárá. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá wa tó fi ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sanwó fún ìsọ̀ láìpẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n mú ìwé wá fún mi nínú báàgì náílọ́ọ̀nù, tí n kò rí ohun kankan nínú rẹ̀ tí mo lè fi gbèjà wọn. Ìwé náà ti jẹ́ láísẹ́ǹsì láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n mọ iye owó aṣọ, wọ́n mọ iye owó ẹja, wọn kò mọ orúkọ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

ÀWỌN TÓ NÍ ILÉ ÀTIJỌ́ Ń JẸ OWÓ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ilé àtijọ́ ń jẹ owó. Òótọ́ ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. The George wà nínú ìwé àwọn ilé tí ìjọba ń dáàbò bò, ipò kìíní ni ó sì wà. Ẹni tó bá ra ilé tó wà nínú ìwé yẹn kò gbọ́dọ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 1990, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé kóòtù ọ̀daràn ni. Fèrèsé oníke kò ṣeé kàn gbé sí i. Nígbà kan, àyípadà tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí lára irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ru VAT, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2012, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsọ èyí fún yín, kò fẹ́ràn yín.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ní kí gbogbo wa lọ máa wá ilé onígi ọdún 1677 rà. Ohun tí mò ń wí ni pé nǹkan mẹ́ta ló pa The George mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà ní ìkáwọ́ wa: ẹni tó ni ín jẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í kú, wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ó sì níṣẹ́ tó ń pawó lọ́wọ́. Ìwé ìjọba nìkan kò tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyè méjì, kí ó rántí Ilojo Bar ní Tinubu Square, ní Erékùṣù Èkó. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ní irú ọnà tí àwọn tó padà dé láti Brazil mú wá. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìkéde yẹn. Ìwé wà, òfin wà, ilé kò sí mọ́. Ilé tí kò bá bọ́ ara rẹ̀ ní ojúlé olówó gọbọi bí Erékùṣù Èkó, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni yóò pa á.

Kì í sì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ iyì igi. Àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn wà lára ohun tí ayé ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú láti lọ wò. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin kan náà wá sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum níhìn-ín ní London. Ọmọ ẹni tó gbẹ́ irú ilẹ̀kùn yẹn kò yẹ kí ó máa wo ilé bàbá rẹ̀ bí òkìtì ìdọ̀tí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ìkíní, kí gbogbo oníṣòwò wa tó ń háyà ṣọ́ọ̀bù mú ìwé rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó wò ó: ṣé lísì ni tàbí láísẹ́ǹsì? Ṣé wọ́n ti yọ òfin 1954 kúrò nínú rẹ̀? Ta ni àtúnṣe ilé já lé léjìká? Ọjọ́ wo ló parí? Bí èdè inú rẹ̀ bá ta kókó, kí ó fún lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ilé ìṣòwò kà kí ó tó fọwọ́ sí òmíràn. Owó lọ́yà lẹ́ẹ̀kan kò tó owó kíkó ẹrù sílé.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń háyà gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní £600, £7,200 ni lọ́dún. Ní ọdún mẹ́wàá, £72,000 ti lọ, ẹgbẹ́ náà kò sì ní bíríkì kan tó lè tọ́ka sí. Bí ogójì ìdílé bá ń dá £25 lóṣù, £1,000 ni lóṣù, £12,000 ni lọ́dún. Ní ọdún mẹ́wàá, £120,000 ni, láìka èlé. Bí a bá ya ìdá márùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe nìkan, £96,000 ló kù láti fi ṣe ìdókòwò ilé, a sì ní £24,000 tí a ó fi máa rọ́pò ohun tó bá jẹrà. Kò lè ra ilé ńlá ní London. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú bánkì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà nísàlẹ̀ ilé náà tí ọmọ ìlú wa kan ń háyà, tí gbọ̀ngàn wà lókè, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ara rẹ̀ bíi ti The George. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìkẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun ìní ẹgbẹ́ wà lórúkọ ènìyàn kan. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ ẹgbẹ́ lásán tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ni ilẹ̀ níhìn-ín. Àwọn alágbàtọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Bí àwọn mẹ́rin bá kú tán tàbí tí wọ́n bá padà sílé láìfi ẹlòmíràn rọ́pò, ìjà dé nìyẹn, àwọn ọmọ wọn á sì sọ pé ilé bàbá àwọn ni. Láti 2013 ni òfin ti fàyè gba irú ìforúkọsílẹ̀ kan fún ẹgbẹ́ aláàánú, tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fi lè ni ilé, tí ó sì dáàbò bo àpò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí gbèsè bá dé. Charitable Incorporated Organisation ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa wádìí rẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́bọ̀ kan.

Ìkẹrin, ilé bàbá wa nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó ránṣẹ́ láti wó ilé àgbà kí á lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun dúró, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà á wá wà ní títì láti Kérésìmesì kan dé èkejì. Òfo ni nínú ìwé tèmi: owó kò wọlé, àtúnṣe kò sí, ilé àtijọ́ sì ti lọ. Kí a tó wó o, ẹ jẹ́ kí á béèrè bóyá òpó rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀ páànù, kí á tún ògiri rẹ́, kí á fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí á fi owó háyà rẹ̀ sí àkáǹtì kan ṣoṣo tí ẹ̀ka ìdílé kọ̀ọ̀kan lè wò. Kí ẹnì kan máa kọ ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìjà ilé ẹbí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé, láti orí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo The George lọ́jọ́ Sátidé kan. A kì í sanwó láti wọ inú àgbàlá rẹ̀. Ẹ fi ìtì igi hàn wọ́n, ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn bí agbo ilé tiwa ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú yẹn padà sí Elephant, kí wọ́n wo àwọn ilé gogoro tó gba ipò ibi tí àwọn ìyá wa ti ń tajà, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ta ló ni wọ́n.

Àbá tèmi ni pé kí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àti ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà lórí ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí ó má sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí a ó dé nígbà tí ebi bá ti ń pa gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, kí ó mú un wá pẹ̀lú ìṣirò tirẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a ṣì wà lájò, kò yẹ kí á jẹ́ ayálégbé títí ayé.

Ire o.